Àwa Ọmọ Oníbodè

Ìyá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n tún nà án síwájú. Odi òkúta ni wọ́n ń wò: odi gígùn kan tó gun òkè lọ, tó tún dà wálẹ̀ bí ejò, koríko tútù lọ́tùn-ún lósì, àgùntàn mẹ́ta níwájú. Wọ́n fi ìka ti àwòrán náà, òkúta ló tún yọ. Wọ́n tún tì í. Òkúta náà ni.

“Ṣé èyí lo wọkọ̀ lọ wò?”

“Òun ni, Ìyá.”

“Ta ló mọ ọ́n?”

Mo ní ọba Róòmù kan ni, Késárì tí wọ́n ń pè ní Hadrian, pé odi náà ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàá ọdún. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí ni ọba náà ń fi odi ṣe. Mo ní lójú tèmi, bodè ló fi ń ṣọ́, kí ẹnikẹ́ni má kàn wọlé, kí ó má kàn jáde, láìjẹ́ pé wọ́n rí i.

Ìyá Àgbà dá fóònù padà fún mi. “Bodè,” ni wọ́n wí. “Àwa náà ṣọ́ bodè rí.”

Wọ́n mú ọwọ́ padà sínú ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó. Gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n òun ni mo gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, òun ló sì mú mi kọ gbogbo èyí tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Newcastle ni mo ń gbé báyìí, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń kàwé gba oyè kejì; ilé ni mo wá kí Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi yẹn. Iṣẹ́ ilẹ̀ ni mò ń kọ́: bí ilẹ̀ ṣe ń gbé ilé àti afárá ró, ìdí tí ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n gbẹ́ fi ń ya lulẹ̀ nígbà òjò, irú amọ̀ tó ń wú àti irú èyí tó ń sán. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, n kì í gbójú sókè. Sátidé àti Sọ́ńdè ni mo fi ń mọ ibi tí mo wà, torí mo ti pinnu pé n kò ní gbé ìlú onílùú fún odidi ọdún kan kí n má mọ̀ ju yàrá ìkàwé àti ilé ìtajà àwọn ará wa lọ.

Kí n tó dé ibẹ̀, mo kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì tí mo ti lọ wá físà náà. Mo ti san owó, mo ti kó ìwé báńkì bàbá mi sílẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ìwé tí yunifásítì fi gbà mí wọlé náà wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá màá padà sílé tí mo bá parí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gba ọ̀nà mìíràn bi mí, mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n di ìwé ìrìnnà mi mú títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo pàdánù. Lóru màá jí, màá yẹ fóònù wò, màá tún dùbúlẹ̀. Kí ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé títí ilẹ̀ fi ṣú, ìtìjú wà nínú rẹ̀ tí a kì í sọ jáde. Àwọn tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn rí mọ̀ ọ́n.

Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà ni mo lọ wo odi náà. Mo wọ rélùwéè láti Newcastle dé Hexham, mo bọ́ sílẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ AD122. Mo rò pé nọ́ńbà lásán ni, kí n tó mọ̀ pé ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi náà ni, ọdún 122 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ó dùn mọ́ mi. Ìlú tó fi ọdún ìbí odi rẹ̀ ṣe nọ́ńbà ọkọ̀ èrò mọ ohun tó ní.

Odi Hadrian gùn tó kìlómítà 117, láti Wallsend létí odò Tyne títí dé Bowness-on-Solway ní ìwọ̀ oòrùn. Òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n fi mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní gbogbo máìlì kan ti àwọn ará Róòmù, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ tó ní ẹnu ọ̀nà, ilé gogoro méjì sì wà láàárín ilé ìṣọ́ kan sí èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ẹnu ọ̀nà kan ní máìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ dí ọ̀tá lọ́nà pátápátá kò ní fi ihò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára odi rẹ̀. Ogun ni mo bá lọ́kàn nígbà tí mò ń lọ, bodè ni mo bá pàdé.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní Housesteads, níbi tí ibùdó àwọn ọmọ ogun wà lórí òkè. Òkúta ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí ìlà oòrùn ṣì wà nílẹ̀, táyà kẹ̀kẹ́ ẹrù ayé ọjọ́un ti jẹ ẹ́ wọnú bí ìgbà tí okùn bá jẹ etí kànga. Mo fi ọwọ́ mi sínú ipa náà. Ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ síbi tí omi kékeré kan ti ń ṣàn, mo rí ẹnu ọ̀nà mìíràn nínú odi gan-an, Knag Burn ni wọ́n ń pè é. Yàrá ẹ̀ṣọ́ kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìlẹ̀kùn méjì ló ní nígbà ayé rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá yóò wọ ti àkọ́kọ́, wọ́n lè tì í mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò sì wà láàárín. Láàárín yẹn ni wọ́n ti lè tú ẹrù rẹ̀, kí wọ́n bi í léèrè ibi tó ń lọ, kí wọ́n gba owó bodè. Bí inú wọn bá yọ́, wọn a ṣí èkejì.

Mo dúró sí àárín náà. Àgùntàn kan ti ẹ̀yìn mi wọlé, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó jáde sí òdì kejì, ó ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Èmi ṣì dúró. Mo rántí bẹ́ǹṣì yẹn, omi sì bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà nínú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo dé Vindolanda, ibùdó mìíràn tí kò jìnnà sí odi. Láti 1973 ni wọ́n ti ń hú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, pákó tí àwọn tó gbé ibẹ̀ fi yíǹkì kọ lẹ́tà sí. Ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹrẹ̀ náà nínú ọkàn mi. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Claudia Severa ló kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sulpicia Lepidina, ó ní kó wá bá òun ṣe ọjọ́ ìbí. Akọ̀wé ló bá a kọ èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni ìparí. Ẹlòmíràn, balógun kan, kọ̀wé pé àwọn ọmọ ogun òun kò ní ọtí mọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Èyí tó sì mú mi dúró jù lọ ni ti ẹnì kan tó kọ̀wé sí ọmọ ogun kan pé òun ti fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí i, àti sálúbàtà, àti pátá méjì.

Nínú oṣù Kìn-ín-ní, ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé bá mi gbé ẹrù tí Màámi dì dé: gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, ata gígún, ẹ̀gúsí, àti ìbọ̀sẹ̀ onírun mẹ́rin tí wọ́n rà ní ọjà Òkè-Ajé. Wọ́n fi bébà kékeré kan sáàárín ìbọ̀sẹ̀ náà: “Wọ méjì papọ̀.” Mo dúró níwájú pákó Vindolanda, mo sì rí ìyá kan nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó wà lẹ́nu bodè máa ń tutù, ẹni tó wà nílé a máa wá ìbọ̀sẹ̀ kiri.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì ń dá wa padà, màmá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nawọ́ sí àfonífojì kan láàárín òkè méjì. Igi síkámọ̀ kan wà níbẹ̀ rí tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2023 ni àwọn ènìyàn kan lọ fi ayùn gé e lóru. Ohùn màmá náà gbọ̀n bí ó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú. N kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn ní, “Ẹ kú àfẹ́kù,” ní Yorùbá. Ó dì mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ ọkọ̀ Metro lọ sí South Shields, ní ẹnu odò Tyne, níbi tí ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Arbeia wà. Wọ́n ti tún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọ́ sórí ìpìlẹ̀ àtijọ́, gogoro méjì, ihò méjì nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n òkúta ibojì kan tó wà nínú ilé ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lára rẹ̀, ó fara lélẹ̀ lórí àga gígùn bí ẹni ń jẹ àsè. Victor lorúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ni pé ọmọ ilẹ̀ Moor ni, pé ẹni ogún ọdún ni, pé ẹrú tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ni, àti pé Numerianus, ẹlẹ́ṣin ogun tó dá a sílẹ̀, fi ìfẹ́ sìn ín dé ibojì.

Ogún ọdún. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ẹni ogún ọdún.

N kò ní pe Victor ní ará ilé mi. Etí òkun àríwá Áfríkà, níhà tí Mòrókò àti Àlùjíríà wà lónìí, ni àwọn Moor ayé ọjọ́un ti wá, aṣálẹ̀ Sàhárà sì wà láàárín wọn àti àwa. Kò sì nìkan dé ibẹ̀. Ní òpin odi náà lápá ìwọ̀ oòrùn, odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun Moor ni wọ́n fi sí ibi tí wọ́n ń pè ní Burgh-by-Sands lónìí. Késárì Septimius Severus pàápàá, tó kó ogun wá sí erékùṣù yẹn ní 208, tó sì kú sí York ní 211, Leptis Magna ní Líbíà ni wọ́n bí i sí. Ọ̀nà ti pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ká mi lára nípa Victor ni pé ó wọ bodè náà, kò sì jáde mọ́. Ìyá tó bí i, bí ó bá ṣì wà láàyè, ta ló lọ sọ fún un?

Ohun tó wà nínú fóònù tí mo gbé fún Ìyá Àgbà nìyẹn. Mo rò pé òkúta nìkan ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gbólóhùn wọn túmọ̀ sí fún ẹni tí kò bá mọ̀. Ìjẹ̀bú wà láàárín ọ̀sà àti ìlú òkè. Ìbọn, ẹ̀tù, iyọ̀ àti aṣọ tó ń ti Èkó gòkè, epo tó ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà. Àwọn baba wa kò jẹ́ kí oníṣòwò òkè ré kọjá lọ sí Èkó fúnra rẹ̀. Ọjà ààlà ni yóò dé, ọmọ Ìjẹ̀bú yóò pàdé rẹ̀ níbẹ̀, yóò rà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gbé e lọ. Oníbodè wà lójú ọ̀nà, owó bodè sì ń wọlé. Ó wà nínú oríkì ìlú wa títí dòní: “Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́.” Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi àyà sókè kì í. N kò lè fi ẹnu kan náà kì í báyìí tí mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ènìyàn náà wà nínú ọjà tó ń gba bodè wa sọ̀ kalẹ̀, àwọn tí wọ́n so lókùn mọ́ra, tí wọn kò sì padà wá. Bí mo bá ń sunkún nítorí Victor tí mo fi ti àwọn wọ̀nyẹn sílẹ̀, ẹkún mi kò pé.

Ẹ sì mọ bí ó ṣe parí. Ní 1891, adelé gómìnà Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí ọ̀nà, Awùjalẹ̀ kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Nínú oṣù Kìn-ín-ní 1892, wọ́n bá àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ṣe àdéhùn ní Èkó pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì máa san £500 lọ́dún dípò owó bodè. Àdéhùn náà kò fìdí múlẹ̀. Wọ́n ní a tún dá oníwàásù kan padà lójú ọ̀nà. Gómìnà Gilbert Carter kó ogun dìde. Èpè ni wọ́n gbà gòkè wá, ìbọn Maxim wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú sì pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ìmàgbọ̀n ni wọ́n ti pàdé, ní 19 oṣù Karùn-ún 1892. Kò pẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ló wà lórí oyè nígbà náà.

Àwọn tó wá fi ìbọn ṣí ọ̀nà wa, pé ọ̀nà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tì mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo jókòó sí fún oṣù méjì. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń bí mi.

Sátidé tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, mo ní kí ọlọ́kadà kan gbé mi lọ síbi tí mo ti lè wọ Erédò. Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré, n kò wọ inú rẹ̀ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ ọ̀nà, torí oko ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó já mi sílẹ̀ níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, a gba inú gbágùúdá kọjá, ó ní kí n rọra tẹ̀ ẹ́. Mo wo iwájú, igbó ni mo rí. Mo wo ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ti tán.

Yàrà ni. Mo di gbòǹgbò igi mú, mo sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ yí padà lára mi bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ ilé alámọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró ṣánṣán, ewédò bò ó, omi ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ níbì kan. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn igi ti nawọ́ sí ara wọn, ìmọ́lẹ̀ tó dé ìsàlẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. N kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Àǹtí, ṣé kò sí?” Mo ní kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ iyanrìn báyìí, kò ní dúró di ìrọ̀lẹ́. Amọ̀ yóò dúró díẹ̀, òjò á mú un. Yangí ni ilẹ̀ wa. Ó rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ọkọ́ bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn àti afẹ́fẹ́ bá ti lù ú, irin tó wà nínú rẹ̀ á dì, á le bí òkúta. Àwọn tó gbẹ́ Erédò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ ṣánṣán, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ sí apá inú, ó di òkìtì, yàrà wá jìn, òkìtì sì ga, títí tí láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì fi tó mítà ogún láwọn ibì kan. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160. Ìlú kan wà lọ́nà Èpè tó ń jẹ́ Erédò nítorí rẹ̀. Patrick Darling, òyìnbó awalẹ̀pìtàn tó rìn ín káàkiri láti 1994, ṣírò rẹ̀ pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ìṣù, tí òró, ìbú àti gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan, pé ó ju ti Pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi sára ògiri náà, mo wá ojú ọkọ́. Ewédò ti bò ó.

Ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì jẹ́ àríyànjiyàn. Àwọn kan sọ pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Iṣẹ́ tí Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi ṣe lẹ́nu àìpẹ́ yìí sún un sí àárín 1370 sí 1420. Èmi gba ti ìkejì gbọ́ jù, torí wọ́n walẹ̀, wọ́n sì yẹ èédú tó wà lábẹ́ òkìtì wò. Nígbà tí Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, ń kọ̀wé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1500 nípa ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, ó ti sọ pé yàrà ńlá yí i ká.

Mo sì tún bi ara mi ní ìbéèrè Ìyá Àgbà: kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ta ni yóò rí ọmọ ogun tó pọ̀ tó láti to sí kìlómítà 160? Odi Hadrian tí kò gùn tó o, gbogbo agbára Róòmù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, bodè náà ni. Ẹni tó bá ru ẹrù kò lè ré yàrà yìí kọjá níbikíbi tó bá wù ú. Ibi tí wọ́n bá fi ọ̀nà sí nìkan ni yóò gbà, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti rí i.

Nígbà tí a rìn síwájú díẹ̀, yàrà náà parí lójijì. Òkìtì ti lọ. Ipa táyà tírélà ló wà nílẹ̀, jíjìn, omi òjò wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kó erùpẹ̀ náà lọ fi kún ilẹ̀ ibòmíràn. Mo dúró níbẹ̀, mo rántí màmá inú bọ́ọ̀sì tó sunkún nítorí igi kan. Láti 1995 ni Erédò ti wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró láti wọ orúkọ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní UNESCO. Sukur ní Adamawa ti wọlé ní 1999, Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ti wọlé ní 2005. Erédò ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, àwa tó ni ín sì ń fi tírélà gbé e lọ. Ìbínú tó mú mi níbẹ̀ ju èyí tó mú mi ní Knag Burn lọ, torí kò sí àjèjì kankan tí mo lè dà á lé lórí.

Ìgbà tí mo délé, tí Ìyá Àgbà rí yangí lára bàtà mi, wọn kò bi mí ibi tí mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní, “Ó tutù níbẹ̀, àbí?” Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé òdì kejì yàrà ni wọ́n ti gbé wọn níyàwó wá. Ní ọmọge, igbá orógbó àti obì ni wọ́n máa ń rù la yàrà kọjá lọ sọ́jà, ìdúró kan sì wà níbi tí ọ̀nà ti rọ̀, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó gun òkìtì. Wọn kò pè é ní Erédò. “Yàrà” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe kànga ilé. Nígbà tí ìyá tiwọn bá ń sin wọ́n jáde, ohun tí ó máa ń sọ ni pé kí wọ́n pe òun lórúkọ tí wọ́n bá ti dé òdì kejì, kí òun lè gbọ́ ohùn wọn kí òun tó padà sílé.

Sọ́ńdè, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí Òkè-Èrì.

Ibẹ̀ ni ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ wà, obìnrin olówó tí kò bímọ, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn àgbà wa ní òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò kí ayé má bàa gbàgbé òun. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ni ayaba Ṣébà tó lọ kí Ànábì Sulaimọ́nù. N kò gba èyí gbọ́. Ọdún wọn jìnnà sí ara wọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò bá Ìyá Àgbà jiyàn, torí ohun tí mo rí níbẹ̀ kò nílò Ṣébà. Mùsùlùmí ń wá, onígbàgbọ́ ń wá, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń wá, lọ́dọọdún, sọ́dọ̀ obìnrin tí kò ní ọmọ kan ṣoṣo tí ì bá sin ín.

A bọ́ bàtà. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì dá wa dúró. Obìnrin kì í wọ ibi tí ibojì náà wà.

Mo wo Ìyá Àgbà. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti fẹ́ bèèrè bí obìnrin ṣe lè ni ibì kan kí obìnrin má lè wọ ibẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, wọ́n sì tò ẹsẹ̀ wọn papọ̀ bí ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ rí lọ́pọ̀ ìgbà.

“Ìyá, ẹ ò bínú?”

“Ẹni tó bá mọ̀ mí, yóò gbọ́ ohùn mi láti ìta.”

Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ Sùngbọ́, bí ẹni ń pe aládùúgbò. Wọ́n dárúkọ ìyá wọn, àti bàbá wọn, àti bàbá àgbà mi, àti àwọn ọmọ méjì tí wọ́n bí tí kò dúró, tí n kò gbọ́ orúkọ wọn rí títí di ọjọ́ náà. Wọ́n dárúkọ àwọn tí wọ́n gba bodè Ìjẹ̀bú kọjá tí wọn kò padà. N kò sọ ọ̀rọ̀ àwọn yẹn fún wọn rí. Wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n yíjú sí mi, ọwọ́ wọn ṣì wà ní títẹ́.

“Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Èyí tí o ní ogún ọdún ni, tó kú sílẹ̀ òtútù. Kí lo pe orúkọ rẹ̀?”

“Victor, Ìyá.”

Orúkọ náà le díẹ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ohùn ìlú wa pè é, wọ́n sì pè é sókè dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní òdì kejì yàrà.